Mathieu Ekra

Mathieu Ekra (1917–2015) jẹ́ olóṣèlú ọmọ orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, àti ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin orílẹ̀-èdè náà, L'Abidjanaise. Bonoua, ìlú àwọn Abouré tí kò jìnnà sí Grand-Bassam, ni wọ́n ti bí i.

Inú ẹgbẹ́ òṣèlú PDCI, tí Félix Houphouët-Boigny jẹ́ olórí rẹ̀, ni Ekra ti di ẹni mímọ̀. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Treichville ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1949, ìjọba amúnisìn Faransé kó òun àti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ mìíràn sí ẹ̀wọ̀n Grand-Bassam. Òǹkọ̀wé Bernard Dadié wà lára wọn. Ní oṣù Kejìlá, àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà kọ̀ láti jẹun. Àwọn obìnrin rọ́ lọ sí Grand-Bassam láti béèrè ìtúsílẹ̀ wọn, àwọn agbófinró sì fi ipá tú wọn ká.

Nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀ ní ọdún 1960, Ekra, Joachim Bony àti àlùfáà Pierre-Marie Coty kọ ọ̀rọ̀ orin náà ní èdè Faransé. Coty àti àlùfáà Pierre-Michel Pango ni wọ́n ṣe ohùn rẹ̀. Wọ́n fi òfin tẹ́wọ́ gbà á ní ọjọ́ 27 oṣù Keje, ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú òmìnira. Orúkọ olú ìlú ìgbà náà ni wọ́n fi pè é, bí àwọn Faransé ti fi orúkọ Marseille pe tiwọn. Le Plateau, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba pọ̀ sí, ni ibùjókòó agbára ní Abidjan.

Ọ̀rọ̀ orin náà yin ilẹ̀ náà fún ìrètí, àlàáfíà àti ṣíṣe aájò àlejò. Ti àlejò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: ní oṣù Kẹwàá ọdún 1958, wọ́n ti kọ lu àwọn ará Dahomey àti Togo ní Abidjan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì sá padà sílé.

Àwọn tí ó kọ ọ́ pàápàá kò bá ara wọn dé ibì kan náà. Ní ọdún 1963, wọ́n mú Bony, tí í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́, lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Ó wà ní àtìmọ́lé, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ń kọ orin rẹ̀. Ní ọdún 1971, Houphouët-Boigny fúnra rẹ̀ gbà pé irọ́ ni ọ̀tẹ̀ náà. Ekra ní tirẹ̀ kò kúrò nídìí ìjọba: ó ṣe mínísítà ètò ìròyìn, lẹ́yìn náà ó di mínísítà àgbà, ó sì ṣe olórí àjọ onílàjà orílẹ̀-èdè náà títí di ọdún 2011. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 2016 ṣì dárúkọ L'Abidjanaise gẹ́gẹ́ bí orin orílẹ̀-èdè.