Ẹyin Inú Òdòdó: Ìpìlẹ̀ Irúgbìn Oko Wa

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní agbègbè Òrò, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ti bó háhá àgbàdo rí, tí wọ́n sì bá ibi tó pá láàárín ọmọ rẹ̀. Àwọn kan a di ẹ̀bi ru ilẹ̀, àwọn mìíràn a ní irúgbìn ni kò dára. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ àti irúgbìn lè lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n ohun tí ibi pípá náà ń fi hàn ni pé ẹyin kan wà níbẹ̀ tí kò di ọmọ.

Kí ni ẹyin òdòdó?

Ní àárín òdòdó ni ilé ẹyin wà. Ilé yìí ló ń di èso. Ẹyin inú rẹ̀ ló ń di irúgbìn. Ẹyin kan ṣoṣo ló wà nínú ilé ẹyin kajú, ìdí nìyí tí ó fi ń ní ọmọ kan ṣoṣo. Ti ilá àti ti ègúsí pọ̀.

Okùn kékeré kan, tó dà bí ìwọ́ ọmọ, ló so ẹyin mọ́ ara ilé rẹ̀, ibẹ̀ sì ni oúnjẹ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Awọ kan tàbí méjì bo ẹyin náà, àmọ́ awọ yìí fi ihò tínńtín kan sílẹ̀. Àpò kékeré kan wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, tí ó sábà máa ń ní sẹ́ẹ̀lì 7. Ọ̀kan nínú wọn ni yóò di ọlẹ̀. Èyí tó tóbi jù ni yóò di oúnjẹ ọlẹ̀.

Bí lẹ́búlẹ́bú akọ bá bà lé orí abo òdòdó, yóò hu fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó máa ń gba ihò náà wọlé. Sẹ́ẹ̀lì akọ méjì ló ń gbé wá: ọ̀kan fún ọlẹ̀, ọ̀kan fún oúnjẹ rẹ̀. Ní ọdún 1898 ni Sergei Nawaschin, onímọ̀ ewéko ará Rọ́ṣíà, ṣàlàyé ìdàpọ̀ ẹlẹ́ẹ̀mejì yìí. Oúnjẹ tí a pèsè fún ọlẹ̀ àgbàdo ni àwa ń fi ṣe ògì.

Oríṣìí ẹyin

Bí ẹyin ṣe dúró lórí okùn rẹ̀ ni a fi ń pín in sí oríṣìí.

Àkọ́kọ́ dúró ṣánṣán: okùn wà nísàlẹ̀, ihò wà lókè. Irú ti ìyèré nìyí.

Èkejì dorí kodò, débi pé ihò rẹ̀ sún mọ́ ìdí okùn. Òun ló wọ́pọ̀ jùlọ. Ègúsí àti elégédé wà lára wọn.

Ẹ̀kẹta tẹ̀ bíi kíndìnrín, gẹ́gẹ́ bí ti ẹ̀wà. Ojú ẹ̀wà ni àpá ibi tí okùn ti já. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi, kí ẹ sì rọra tẹ̀ ẹ́: omi yóò sun láti ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú náà.

Àwọn mìíràn tún wà tó dùbúlẹ̀ ní ìbú lórí okùn wọn.

Ohun tó kan àgbẹ̀

Okùn irun àgbàdo kọ̀ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ẹyin kan ṣoṣo. Èyí tí lẹ́búlẹ́bú kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò pá. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú àgbàdo. Nítorí náà, ó sàn kí a gbìn ín ní ebè púpọ̀ tó wà pọ̀ ju kí a gbìn ín ní ebè kan gbọọrọ lọ. Ẹ ṣètò ìgbà tí ẹ ó gbìn ín pẹ̀lú, kí ọ̀dá má baà bá a nígbà tí ó bá ń yọ irun.

Ní ti ègúsí, akọ òdòdó àti abo òdòdó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, oyin àti kòkòrò mìíràn ló sì ń ṣe alárinà wọn. Ẹ̀wà lè dá ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn tí a fín sí ẹ̀wà láàárọ̀ lè pa oyin tí ègúsí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń retí. Bí fífín oògùn bá di dandan, ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oyin bá ti wọlé. Ẹ sì béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní àdúgbò yín kí ẹ tó ra oògùn.

Ẹyin tí a bá dáàbò bò nígbà òdòdó ni yóò di irúgbìn nígbà ìkórè.