Ọlọ́rọ̀ Tó Kọ̀ Láti San Ogún Ṣílè

Ẹni tó bá mọ ìtàn Abẹ́òkúta yóò rántí bí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣe kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lẹ́yìn lọ sí ààfin Aláké ní 1947. Ọ̀rọ̀ owó orí ni wọ́n bá lọ. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ obìnrin, bẹ́ẹ̀ obìnrin kò sí nínú ìgbìmọ̀ tó ń bù ú. Ohun tí àwọn ìyá wa bi ọba wọn ni John Hampden ti bi ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ohun tó lé ní 300 ọdún ṣáájú: ṣé ó tọ́ kí a gba owó lọ́wọ́ ẹni tí a kò bá gbìmọ̀?

Hampden kì í ṣe ọlọ́jà bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá wọ̀nyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ Buckinghamshire ni, Great Hampden sì ni ilé ìdílé rẹ̀ láti ìran dé ìran. Irú àwọn onílẹ̀ yìí kì í ṣe ìjòyè ńlá, ṣùgbọ́n àwọn ni àgbẹ̀ ń san owó ilẹ̀ fún, àwọn ni ọba ń fi ṣe adájọ́ ìbílẹ̀, àwọn náà ló sì pọ̀ jù nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ìlú ń dìbò yàn. Oliver Cromwell, tó wá di olórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ arákùnrin ìyá Hampden ni.

Ní 1629, Ọba Charles Kìíní tú ilé ìgbìmọ̀ ká, ó sì dá ṣàkóso fún ọdún 11. Nígbà tí kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ sí owó orí tuntun fún un, ó fa àṣà àtijọ́ kan yọ: owó ọkọ̀ ogun, èyí tí àwọn ìlú etí òkun máa ń san nígbà ogun. Ní 1635, ó nà án dé àwọn ìlú tí òkun jìnnà sí, láìsí ogun nílẹ̀.

Ní abúlé Great Kimble, àwọn tó ń bu owó náà kọ orúkọ gbogbo ẹni tó kọ̀ láti san. Hampden ló wà lókè pátápátá. Orúkọ àwọn abowó fúnra wọn náà wà nínú ìwé ọ̀hún: àwọn pẹ̀lú kò san.

Ọba pe Hampden lẹ́jọ́ lórí ogún ṣílè péré, owó tí wọ́n bù lé ilẹ̀ rẹ̀ ní Stoke Mandeville. Ní 1638, adájọ́ 7 nínú 12 dá ọba láre, 5 kò sì gbà. Ẹjọ́ dá, ṣùgbọ́n ìlú ti rí i pé ẹnu àwọn adájọ́ ọba kò kò. Owó náà wá ṣòro gbà, nígbà tó sì di 1641, ilé ìgbìmọ̀ tó tún jókòó fòfin dè é.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní 1642, Charles kó ọmọ ogun wọ ilé ìgbìmọ̀ láti mú Hampden àti àwọn aṣòfin mẹ́rin mìíràn. Wọ́n ti gba orí odò Thames sá lọ. Kí ọdún náà tó parí, ogun abẹ́lé ti bẹ́. Hampden fara gbọgbẹ́ ní Chalgrove ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà 1643, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà.

Hampden lè san ogún ṣílè yẹn láìmọ̀ ọ́n lára, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Ohun tí mo fi ń yìn ín gan-an nìyẹn. Bí ẹni tó lágbára àtiṣẹjọ́ bá sanwó tó sì dákẹ́, àṣejù ọba yóò di òfin lórí ẹni tí kò ní. Ọlọ́rọ̀ tó bá fẹ́ kí ọlá òun wúlò fún ìlú, ìgbà tí ìyà náà kò tíì ká òun mọ́ ni kó ti sọ̀rọ̀.