Yangí Ilẹ̀ Ìkálẹ̀: Bí Omi àti Irin Ti Í Sọ Yanrìn Di Òkúta

Ẹni tí ó bá ti dáko ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yóò mọ òkúta pupa tí í máa yí ọkọ́ lẹ́nu. Òmíràn kéré bí ẹ̀wà, òmíràn tó orí ọmọdé. Bí a bá sì fọ́ ọ, yanrìn tí ó dì pọ̀ ni a óò bá nínú rẹ̀. Yangí ni à ń pè é. Orúkọ Òkìtìpupa pàápàá kò fi àwọ̀ ilẹ̀ náà pamọ́. Bí àwọn ọmọ wa bá bi wá pé, "Ṣé òkúta yìí ń hù bí iṣu ni?" ó yẹ kí a lè dá wọn lóhùn.

Irin ni ó wà nídìí ọ̀ràn náà. Ní ìgbà òjò, omi a kún inú ilẹ̀, ewé jíjẹrà a sì gba afẹ́fẹ́ inú omi náà tán. Nígbà náà ni irin inú yanrìn yóò yọ́, bí iyọ̀ ti í yọ́ nínú ọbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi a fà, afẹ́fẹ́ a wọlé, irin náà a sì di ìpáàrà, tí í so hóró yanrìn kan mọ́ èkejì bí sìmẹ́ńtì. Òjò ń lọ, ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, títí ó fi di òkúta.

Àwọn ìyá ilé ti rí iṣẹ́ yìí láìmọ̀. Omi kànga tí ó mọ́ gaara nígbà tí a pọn ọ́n, tí ó wá pọ́n nínú ìkòkò, tí ó sì ń ba aṣọ funfun jẹ́, irin kan náà ni.

Ní ọdún 1807, Francis Buchanan, oníṣègùn ará Scotland, kọ̀wé nípa irú ilẹ̀ yìí ní gúúsù Íńdíà. Ó rọ̀ nígbà tí wọ́n ń gé e, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, a le bí bíríkì. Nítorí náà ni ó ṣe sọ ọ́ ní laterite, láti inú orúkọ bíríkì ní èdè Látìn.

Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún àgbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ pupa ní í le bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí yangí bá wà nítòsí, bí a bá ṣán igbó tán pátápátá, tí òjò sì gbá erùpẹ̀ lọ, òkúta ni a óò fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Yangí dára fún ojú ọ̀nà àti ìpìlẹ̀ ilé, kò dára fún gbòǹgbò ẹ̀gẹ́. Nítorí náà, ẹ fi ewé bo ilẹ̀, ẹ má sun gbogbo pàǹtí oko, ẹ sì dá igi díẹ̀ sí. Ilẹ̀ tí ó bá ti di yangí, ọkọ́ kò lè sọ ọ́ di erùpẹ̀ mọ́.