Oníṣòwò tó du ipò aṣòfin: Kí ló ń gbé wọn ṣubú láti Ìkẹjà dé Agége?

Ta ni kò mọ Aeroland nínú àwọn tó máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù l'Ékòó? Iléeṣẹ́ tó ń báni ṣètò ìrìnàjò ni, Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ́gun Adéwálé, ọmọ Èkìtì, ló sì ni ín. Orúkọ ọjà yìí ti mọ́ ọkùnrin náà lára débi pé àwọn oníròyìn pàápàá sábà máa ń fi Aeroland kún orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Nígbà tí ìdìbò ọdún 2015 kù sí dẹ̀dẹ̀, ọkùnrin oníṣòwò yìí gba àsíá ẹgbẹ́ PDP láti lọ ṣojú ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Èkó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà l'Ábújá. Ẹkùn náà kì í ṣe kékeré. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀: Ìkẹjà, Agége, Ìfàkò-Ìjàyè, Alímọ̀ṣọ́, Muṣin, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, Ọ̀jọ́ àti Àgbádárìgì. Ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n dìbò. Nígbà tí wọ́n kà á tán, Sólómọ́nì Ọlámilékan Adéọlá ti ẹgbẹ́ APC, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Yayi, ló wọlé.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn tún gbé e. Gbádébọ̀ Rhodes-Vivour ni, ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán-ilé tó kàwé débi pé ó gba oyè ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà. Òun ti kọ́kọ́ dán an wò ní ilé. Ní oṣù keje ọdún 2017, ó du ipò alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà lábẹ́ ẹgbẹ́ KOWA, ẹgbẹ́ kékeré kan tí ọ̀pọ̀ àgbà kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ APC kó gbogbo ipò alága mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lọ lọ́jọ́ náà, ti Ìkẹjà sì wà lára wọn. Ní ọdún 2019, ó bọ́ sínú PDP, ó sì kojú Yayi fún ìjókòó kan náà tí Aeroland pàdánù. Ìbò 243,516 ló ní. Yayi ní 323,817. Ẹni tó bá ń ta ọjà mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin tó wà láàárín wọn kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè tí a kò lè gùn.

Ibi tí àwọn méjèèjì yìí ń lọ, Àbújá ni. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ gan-an wà nítòsí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní Aláùsá n'Íkẹjà, níbi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó wà. Ogójì ni àwọn aṣòfin tó ń jókòó níbẹ̀, méjì méjì láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbéra láti ẹnu ọ̀nà ilé náà, kò pẹ́ tí ẹ ó fi dé Agídíngbì níbi tí Cadbury ti ń ṣe Bournvita láti ọdún 1965, kò sì pẹ́ tí ẹ ó fi bọ́ sí òpópónà Ọba Àkran tí àwọn iléeṣẹ́ tò sí lọ́tùn-ún lósì. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé àtijọ́ ló la ilẹ̀ iléeṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí mọ ohun tí à ń wí: fèrè ìyíṣẹ́padà, bọ́ọ̀sì òwúrọ̀, búrẹ́dì Agége tó gbóná.

Àwọn tó ni iléeṣẹ́ ńlá àti kékeré ní àdúgbò yìí ní ìdí tó fi yẹ kí wọ́n fẹ́ wọ ilé Aláùsá. Ní ọdún 2018, ilé náà ṣe òfin tuntun lórí owó ilé àti ilẹ̀. Nígbà tí ìwé owó dé ọwọ́ àwọn onílé àti oníléeṣẹ́, ariwo ta káàkiri Èkó. Gómìnà Akínwùmí Ambode ní láti dín owó náà kù kí oṣù díẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó ń sanwó kò sí níbi tí wọ́n ti ń gé owó náà, ohun tó ń dun oníṣòwò nìyẹn. Ó ti rí iléeṣẹ́ Dunlop n'Íkẹjà tó jáwọ́ nínú ṣíṣe táyà ní òpin ọdún 2008, ó sì rí àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó wá sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí mo bá wà níbẹ̀, mo lè sọ̀rọ̀.

Àmọ́ wíwọ ibẹ̀ kì í ṣe bí ẹni wọ ọjà. Ẹ wo Agége. Mudashiru Ọbasá ló ń ṣojú ẹkùn Agége Kìíní láti ọdún 2007. Ó wọlé ní 2011, ó wọlé ní 2015, ó wọlé ní 2019, ó tún wọlé ní 2023. Láti 2015 ló ti di olórí ilé náà. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ yọ ọ́ nípò ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2025, tí wọ́n fi Mojísọ́lá Meranda jẹ olórí, oṣù méjì kò pé tó fi padà sórí àga náà. Gbogbo ẹni tó bá a du Agége Kìíní láti ìgbà náà ló lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Níbo ni Ọbasá ti bẹ̀rẹ̀? Kánsẹ́lọ̀ ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Agége, láti 1999 sí 2002. Yayi tó borí Aeroland ńkọ́? Oníṣirò owó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ọdún mẹ́jọ ló fi ṣojú Alímọ̀ṣọ́ ní Aláùsá, ó sì tún fi mẹ́rin ṣe aṣòfin kékeré l'Ábújá. Ìgbà tí oníṣòwò ń ka owó ọjà lálẹ́, àwọn wọ̀nyí wà ní ìpàdé wọ́ọ̀dù. Ìgbà tí oníṣòwò ń sáré kiri nítorí pé epo jẹnẹrétọ̀ ti tán, wọ́n wà níbi ìsìnkú ìyá ọmọ ẹgbẹ́ kan. Ẹni tó bá rò pé òun lè fi oṣù mẹ́fà àti pátákó aláwòrán ńlá ra ohun tí ẹlòmíràn fi ogún ọdún kó jọ, ó yẹ kó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Ohun kan tún wà tí àwọn oníléeṣẹ́ kì í kà sí. Òṣìṣẹ́ tó ń kí ọ̀gá rẹ̀ láràárọ̀ kì í sùn ní Ìkẹjà. Ilé wọ́n níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń wá láti Ìpájà, láti Ìyànà Ìpájà, láti Agbado, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wá láti Sángo, Ìjókò àti Akútè, tí gbogbo wọn jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ògùn. Ibi tí orúkọ ènìyàn wà nínú ìwé ìdìbò ló ti ń dìbò, lọ́jọ́ ìdìbò, ìjọba a sì máa dá ọkọ̀ dúró. Ọ̀gá lè ní òṣìṣẹ́ igba tó fẹ́ràn rẹ̀ dénú, kí ìbò tirẹ̀ nínú wọn má ju ogún lọ. Ìfẹ́ wà, ṣùgbọ́n ó wà ní ẹkùn ẹlòmíràn.

Owó wá ńkọ́? Òfin ìdìbò ọdún 2010 sọ pé ẹni tó ń du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ ná ju mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lọ. Òfin ti ọdún 2022 gbé e sí mílíọ̀nù ọgbọ̀n. Ní ọdún 2022 yẹn kan náà, fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ APC fún ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù méjì náírà, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìwé ìpolówó kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú oníléeṣẹ́ wò ó. Láàárín ọdún náà, lítà epo dísẹ̀lì kan ti ju 700 náírà lọ. Mílíọ̀nù méjì náà ìbá ra bí ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iná tí yóò mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nìyẹn. Bí ó bá sì fìdí rẹmi nínú ìdìbò abẹ́nú, owó fọ́ọ̀mù kì í padà wá. Olóṣèlú tó ń gba owó oṣù nídìí òṣèlú lè fara da irú àdánù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yá owó báǹkì láti fi ra ẹ̀rọ, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ nínú ìyà náà.

Àwa kò rò pé owó àti wọ́ọ̀dù nìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí o. Ọ̀rọ̀ Sátidé kejì wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Ní orílẹ̀-èdè wa, ọjọ́ kan ni a ń dìbò ààrẹ àti ti Àbújá, ọjọ́ mìíràn ni a ń dìbò gómìnà àti ti aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ékòó ní ọdún 2019. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì, Atiku Abubakar ti PDP ní ìbò 448,015 nínú ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, Jìmí Àgbájé tó du gómìnà lábẹ́ PDP kan náà ní 206,141. Ó ju ìdajì tó sọnù. Ní ti APC, 580,825 tí wọ́n ní fún ààrẹ gòkè di 739,445 fún gómìnà. Ní ọdún 2023, Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour mú 582,454 l'Ékòó, ó fi díẹ̀ ju Bọ́lá Tinúbú tó ní 572,606 lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù kẹta, Rhodes-Vivour tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀, tó ti di olùdíje Labour fún gómìnà, ní 312,329. Babájídé Sanwó-Olú ní 762,134.

Ìwé ìdìbò aṣòfin ìpínlẹ̀ wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú ti gómìnà. Oníṣòwò tó bá gba àsíá ẹgbẹ́ alátakò lè rí èrò púpọ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́, kó máa yọ̀, kó tó mọ̀ pé àwọn èrò náà kò ní jáde mọ́ nígbà tí ìbò bá kan òun. Àwọn kan ti rẹ̀. Ẹ̀rù sì ba àwọn mìíràn. Àwọn aṣàkíyèsí tó wá láti ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 2023 ròyìn pé wọ́n dẹ́rù ba olùdìbò ní àwọn ibùdó kan l'Ékòó. Rhodes-Vivour gbé ẹjọ́ lọ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì dá Sanwó-Olú láre ní oṣù kìíní ọdún 2024.

Ọ̀rọ̀ Àgbájé ló yẹ kí oníṣòwò ronú lé lórí jù. Apoògùn ni, tó dá iléeṣẹ́ JayKay sílẹ̀ ní 1982, tó sì fi ọdún tó lé ní ogún darí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló du gómìnà Èkó, ní 2007, 2015 àti 2019, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣubú. Ti 2015 ló súnmọ́ jù: ó ní 659,788, Ambode ní 811,994. Òun kò wọlé, ṣùgbọ́n ìjì tó fẹ́ lọ́dún náà gbé ọmọ ẹgbẹ́ PDP mẹ́jọ wọ ilé Aláùsá, ohun tí ojú kì í sábà rí. Ìyẹn fi hàn pé ìlẹ̀kùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ tì pa. Àmọ́ kí sáà wọn tó parí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn mẹ́jọ náà ti kó lọ sínú APC, àwọn tó dìbò fún wọn sì ń wò wọ́n. Ní ọdún 2019, ogójì nínú ogójì ni APC mú. Ní 2023, wọ́n mú méjìdínlógójì, Labour mú méjì.

Ní ti Aeroland, Èkó nìkan kọ́ ló ti gbìyànjú. Ní ọdún 2018, ó lọ du gómìnà ní Èkìtì ìlú rẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ ADP, Káyọ̀dé Fáyẹmí ló sì wọlé.

Ìmọ̀ràn tí àwọn àgbà òṣèlú máa ń fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n du kánsẹ́lọ̀ bí Ọbasá ti ṣe, kí àdúgbò mọ̀ wọ́n. Ìmọ̀ràn gidi ni, àwa náà ti gbà á gbọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n dìbò káńsù káàkiri Èkó. Ipò kánsẹ́lọ̀ tó wà nílẹ̀ jẹ́ 376. APC mú 375 nínú wọn. Ẹyọ kan tó kù bọ́ sọ́wọ́ PDP, ní Yábàá, kì í sì í ṣe Ìkẹjà tàbí Agége.