Ọ̀gá tí kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́kun: ohun tó ṣe àwọn báńkì wa lọ́dún 2009

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2009, ni Sanusi Lamido Sanusi, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà nígbà náà, yọ ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn báńkì ọ̀hún ni Intercontinental, Oceanic, Union, Afribank àti FinBank. Kí owó àwọn oníbàárà má baà ṣòfò, Báńkì Àpapọ̀ kó bílíọ̀nù 420 náírà sínú wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ nígbà náà ni pé ọjà ìpín ìdókòwò tó dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 2008 ló fa wàhálà náà. Irọ́ kọ́. Owó gọbọi ni àwọn báńkì yìí yá àwọn tó fi í ra ìpín, nígbà tí iye ìpín sì já wálẹ̀, gbèsè náà di èyí tí kò ṣeé gbà mọ́. Ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni gbogbo báńkì ń ná. Kí ló dé tí àwọn kan fi ṣubú, tí àwọn mìíràn sì dúró?

Láti ọdún 1984 ni àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Donald Hambrick àti Phyllis Mason, ti kọ ọ́ pé bí èèyàn bá fẹ́ mọ ìdí tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń ṣe bó ṣe ń ṣe, kó wo àwọn tó ń darí rẹ̀: ohun tí ojú wọn ti rí, ohun tí wọ́n kà sí pàtàkì. Kì í ṣe ọ̀gá àgbà nìkan ni wọ́n ń sọ o, gbogbo àwọn tó jókòó yí i ká ni. Ọ̀rọ̀ tí Sanusi sọ ní Yunifásítì Bayero, Kano, ní oṣù kejì, ọdún 2010, kò jìnnà sí i. Ó ní àwọn ọ̀gá báńkì kan ti lágbára ju ìgbìmọ̀ olùdarí tó yẹ kó máa ṣọ́ wọn lọ.

Ẹ wo Oceanic. Cecilia Ibru ni ọ̀gá àgbà báńkì tí ọkọ rẹ̀, Michael Ibru, dá sílẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ wo ni yóò dìde sọ fún ìyàwó baálé pé owó tó fẹ́ yá èèyàn kò bófin mu? Ní oṣù kẹwàá, ọdún 2010, ó gbà níwájú ilé-ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́ta. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, wọ́n sì gba owó àti dúkìá tó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 191 náírà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti GTBank yàtọ̀. Fola Adeola àti Tayo Aderinokun ló ṣíwájú àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1990. Èyí kò sọ wọ́n di ẹni jẹ́jẹ́ o; ẹni tí kò láyà kò lè dá báńkì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tó lè pe ibẹ̀ ní tòun nìkan. Lọ́dún 2002, láìsí òfin kankan tó lé e, Adeola, tí kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún, fi ipò sílẹ̀ fún Aderinokun, igbákejì rẹ̀. Nígbà tí Aderinokun kú lọ́dún 2011, Segun Agbaje tó jẹ́ igbákejì tirẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́. GTBank wà lára àwọn tó yege nínú àyẹ̀wò ọdún 2009. Ohun tí Adeola sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni Báńkì Àpapọ̀ sọ di òfin ní oṣù kìíní, ọdún 2010, pé ọ̀gá àgbà báńkì kò gbọdọ̀ lò ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ Afribank, wọ́n sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún báńkì tuntun tí wọ́n pè ní Mainstreet. Àwọn tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ kò pàdánù. Àwọn tó ra ìpín Afribank kò rí kọ́bọ̀ gbà. Orúkọ àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ àti iye ìpín tó wà lọ́wọ́ kálukú wọn máa ń wà nínú ìwé ọdọọdún tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn onípìn-ín. Ojú ewé yẹn ni ọ̀pọ̀ ń ṣí kọjá, kí wọ́n lè tètè dé ibi tí wọ́n kọ iye èrè tí wọn yóò pín sí.