Pípààrọ̀ Gíà Ọ́tò sí Mánúà Nínú Píkọ́ọ̀pù Dísẹ́ẹ̀lì: Ohun tí Ó Yẹ kí Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Náwó



Ìrè oko kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gẹ́ tí a bá wú lónìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nínú láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tòmátò tí ó ti pọ́n kò sì ní pẹ́ lórí ilẹ̀ oko kí ó tó rà. Nítorí náà, irinṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọkọ̀ tí ń kó ìrè lọ sí ọjà, gẹ́gẹ́ bí ọkọ́ àti àdá ti jẹ́. Bí gíà ọkọ̀ náà bá kú ní àkókò ìkórè, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni ó dá dúró. Owó ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó dá dúró pẹ̀lú rẹ̀.

Nínú àwọn píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì tí à ń rà ní tòkunbọ̀, a máa ń rí èyí tí gíà rẹ̀ ń yí ara rẹ̀ padà, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní ọ́tò. Nígbà tí irú gíà bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, ìbéèrè tí ó máa ń dé ìpàdé ẹgbẹ́ ni pé: ṣé kí a tún un ṣe ni, tàbí kí a yọ ọ́ kúrò, kí a sì fi gíà tí a ń fi ọwọ́ yí, èyí tí à ń pè ní mánúà, dípò rẹ̀? Nítorí ìbéèrè yìí ni a ṣe kọ ìwé yìí. A kò kọ ọ́ kí àgbẹ̀ lè di mẹkáníìkì. A kọ ọ́ kí ó lè bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mọ ohun tí ó fẹ́ fi owó rẹ̀ rà.

1. BÍ GÍÀ MÉJÈÈJÌ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Iṣẹ́ gíà ni láti sọ eré ẹ́ńjìnnì di agbára. Bí gíà kìíní bá jẹ́ 4 sí 1, ẹ́ńjìnnì yóò yí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí ọ̀pá tí ó jáde láti inú gíábọ́ọ̀sì tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ yóò rọra lọ, ṣùgbọ́n agbára tí ó fi ń gun òkè yóò di bí ìlọ́po mẹ́rin.

Nínú mánúà, kílọ́ọ̀ṣì ni ó so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Ó jẹ́ àwo pẹlẹbẹ kan tí a fún mọ́ àárín irin méjì: ọ̀kan ni flywheel, irin ńlá tí ó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì; èkejì ni irin oníspíríìngì tí ó ń tẹ àwo náà mọ́ ọn. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, àwo náà á tú sílẹ̀, yóò sì ráyè yí gíà padà.

Ọ́tò kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Òróró ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ fi ojú inú wo fáànù méjì tí wọ́n kọjú sí ara wọn: bí ọ̀kan bá ń yí, afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ yóò yí èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a ń pè ní torque converter ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òróró ni ó wà láàárín, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Òróró kan náà ni ó ń ti àwọn àwo kéékèèké inú gíábọ́ọ̀sì pọ̀, tí gíà fi ń yí fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà ti ń ta irú gíà yìí láti ọdún 1939, iṣẹ́ tí ó dára sì ni. Àmọ́ òróró ni ẹ̀mí rẹ̀, ooru sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹrù tí ó pọ̀ jù, ẹrẹ̀ tí táyà ń yí nínú rẹ̀ láìlọ síwájú, òróró tí ó dínkù tàbí tí kì í ṣe irú tirẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ń sè é láti inú wá.

2. Ẹ KỌ́KỌ́ MỌ ÀRÙN KÍ Ẹ TÓ WÁ OÒGÙN

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ọ́tò bá ń ṣe ségesège ni ó ti kú. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ òróró rẹ̀ wò ní ojú yín. Bí ó bá kàn dínkù, ẹ wá ibi tí ó ń jò. Ó lè jẹ́ wáyà tàbí súwíìṣì kan ni ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí òróró náà bá ti dúdú, tí ó ń rùn bí ohun tí ó jóná, tí ẹ sì rí ẹ̀rún irin nínú rẹ̀, inú gíà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àǹfààní mánúà fún iṣẹ́ oko kò fara sin. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ní ìgbèríko ni ó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá jẹ tán, a lè pààrọ̀ rẹ̀ láìra odidi gíábọ́ọ̀sì. Ó ń jẹ́ kí awakọ̀ fi gíà kékeré dá ọkọ̀ dúró díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú ẹrù kòkó. Bí bátìrì bá kú, a lè ti ọkọ̀ náà kí ó dáná. Ọ́tò kò gba èyí. Bí ọ́tò bá sì kú sójú ọ̀nà, a kò gbọdọ̀ fi okùn wọ́ ọ lọ jìnnà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí gíà ń yí nílẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí pọ́ǹpù òróró rẹ̀. Gíà yóò máa yí láìsí òróró.

Ṣùgbọ́n mánúà náà ń bàjẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n wà. Bí awakọ̀ ẹgbẹ́ yín bá jẹ́ ẹni tí kò wa ohun mìíràn rí bí kò ṣe ọ́tò, ẹ ka owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́ ìnáwó náà.

3. Ẹ WO IRÚ Ẹ́ŃJÌNNÌ TÍ Ẹ NÍ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Àwọn dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ń lo pọ́ǹpù onírin tí kò ní kọ̀ǹpútà. Lára wọn ni ẹ́ńjìnnì Toyota Hilux tí a kọ 2L, 3L tàbí 5L sí lára, tí wọ́n jẹ́ lítà 2.4, 2.8 àti 3.0. Ẹ́ńjìnnì irú èyí kò bìkítà irú gíà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn bí irin bá ti bá irin mu. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, àwọn tí wọ́n ní Dodge Ram oní-Cummins lítà 5.9 láti ọdún 1989 títí di 1998, èyí tí ó ní fáàfù 12, máa ń yọ ọ́tò kúrò kí wọ́n sì fi mánúà sí i, nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní wàhálà kọ̀ǹpútà púpọ̀.

Bí ẹ bá rí lẹ́tà E ní ìparí orúkọ ẹ́ńjìnnì Toyota, bí i 2L-TE tàbí 5L-E, tàbí bí ọkọ̀ bá jẹ́ D-4D, ẹ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ń darí dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà lè máa retí ìròyìn láti ọ̀dọ̀ gíà ọ́tò. Bí kò bá rí i, iná ìkìlọ̀ lè tàn, ó sì lè dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti rí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mánúà tí ẹ́ńjìnnì àti ọdún rẹ̀ bá a mu, àti ẹni tí ó lè so kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó sàn kí ẹ tún ọ́tò náà ṣe.

4. OHUN TÍ Ẹ NÍ LÁTI RÀ

Ẹ má ṣe ra ohun èlò ní ẹyọ-ẹyọ. Yálà ní Ládípọ̀ ní Mushin ni ẹ ti rà á, tàbí ní Àràròmí ní Gáàtì Ìbàdàn, ẹ ra gbogbo rẹ̀ láti ara ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá tiyín mu. Àwọn nìyí:

(a) Gíábọ́ọ̀sì pẹ̀lú ilé rẹ̀ tí ó bá ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì yín mu, àti ọ̀pá gíà. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, ẹ rí i pé gíábọ́ọ̀sì náà bá èkejì rẹ̀ tí ó ń pín agbára mu.
(b) Flywheel àti bọ́ọ̀tì tirẹ̀. Irin tí ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ọ́tò fẹ́lẹ́, bọ́ọ̀tì rẹ̀ sì máa ń kúrú. Kò gbọdọ̀ di flywheel mú.
(d) Àwo kílọ́ọ̀ṣì, irin tí ó ń tẹ̀ ẹ́, àti béárìnì rẹ̀. Tuntun ni kí ẹ ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
(e) Béárìnì kékeré tí ó ń gba orí ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì ní ìdí ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ ọ́tò kì í sábà ní i. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, gíábọ́ọ̀sì yóò máa ké, yóò sì bàjẹ́ láìpẹ́.
(ẹ) Ibi ìtẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì, sìlíńdà òkè àti ti ìsàlẹ̀, àti páìpù wọn.
(f) Irin tí ó gbé gíábọ́ọ̀sì dúró lábẹ́ ọkọ̀, àti ọ̀pá gígùn tí ó ń lọ sí ẹ̀yìn, nítorí gígùn gíábọ́ọ̀sì méjèèjì lè yàtọ̀.

Ẹ bi mẹkáníìkì nípa dífù ẹ̀yìn pẹ̀lú. Ìwọ̀n rẹ̀ nínú ọkọ̀ ọ́tò lè yàtọ̀ sí ti mánúà. Bí ẹ bá pààrọ̀ ti ẹ̀yìn nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ti iwájú sí ìwọ̀n kan náà.

5. BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE YẸ KÍ Ó LỌ

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ fi òpó irin tàbí ìtì igi líle tì í, kí ẹ sì yọ wáyà bátìrì. Gíábọ́ọ̀sì wúwo tó láti pa ènìyàn. Jáàkì rẹ̀ ni kí ó gbé e sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe àyà ọmọṣẹ́.

Lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́tò àti converter rẹ̀, kí a pààrọ̀ síìlì òróró tí ó wà ní ìdí ẹ́ńjìnnì, nítorí kò ní rọrùn láti dé ibẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó fi béárìnì kékeré sí i, tí a ó sì de flywheel pẹ̀lú sípánà tí ń fi ìwọ̀n hàn, gẹ́gẹ́ bí ìwé olùṣe ọkọ̀ ti wí. Kí a fi àwo kílọ́ọ̀ṣì sí àárín gẹ́lẹ́, kí ojú tí a kọ sí i pé ti flywheel ni sì kọjú sí flywheel. A kò gbọdọ̀ fẹ́ eruku kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ sí afẹ́fẹ́, nítorí asbestos lè wà nínú rẹ̀, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tútù ni kí a fi nù ún.

Nígbà tí a bá ń gbé mánúà wọlé, kí ó fara mọ́ ẹ́ńjìnnì kí a tó de bọ́ọ̀tì. Mẹkáníìkì tí ó bá ń fi bọ́ọ̀tì fà á wọlé ń fọ́ ọ ni. Òróró bírékì ni sìlíńdà kílọ́ọ̀ṣì ń lò, a sì gbọ́dọ̀ yọ gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Òróró gíà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ìwé ọkọ̀ sọ.

6. WÁYÀ ÌDÁNÁ ÀTI BÍRÉKÌ ỌWỌ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ ọ́tò kì í dáná àfi bí gíà bá wà ní P tàbí N. Nígbà tí a bá yọ ọ́tò kúrò, súwíìṣì tí ó ń ṣọ́ èyí bá a lọ. Ọ̀nà tí ó yá mẹkáníìkì ni kí ó so wáyà méjèèjì pọ̀, kí ọkọ̀ lè dáná nígbàkúùgbà. Ẹ má gbà fún un. Bí ọmọdé kan bá yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ọkọ̀ wà nínú gíà, ọkọ̀ yóò fò síwájú, ó sì lè tẹ ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀ pa. Kí oníwáyà gba wáyà náà kọjá lára súwíìṣì kan ní ibi ìtẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì, kí ọkọ̀ má lè dáná àyàfi bí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Kí ó sì so iná ẹ̀yìn tí ń tàn nígbà tí ọkọ̀ bá ń fà sẹ́yìn.

Bákan náà, P tí ó ń di ọkọ̀ mú kò sí mọ́. Ẹ tún bírékì ọwọ́ ṣe kí ọkọ̀ tó jáde ní ọgbà mẹkáníìkì. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ fa bírékì ọwọ́, ẹ fi ọkọ̀ sínú gíà, kí ẹ sì fi òkúta tàbí igi dí táyà.

7. OWÓ ẸGBẸ́ ÀTI ÀDÉHÙN

Ẹ kọ ọ̀nà méjì sílẹ̀ lórí ìwé: iye tí àtúnṣe ọ́tò yóò jẹ́, àti iye tí pípààrọ̀ yóò jẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tí a kà sókè yìí. Ẹ gba iye lẹ́nu mẹkáníìkì mẹ́ta, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti ṣe irú ọkọ̀ yín rí. Ẹ ṣe àdéhùn sórí ìwé, ẹ má san gbogbo owó tán kí ọkọ̀ tó gun òkè pẹ̀lú ẹrù, kí akápò sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Bí ọkọ̀ bá ní ìwé adójútòfò, ẹ sọ fún wọn.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nígbà tí ìkórè ti kan ilẹ̀kùn. Àkókò tí oko bá dákẹ́ ni kí ẹ ṣe é.

8. LẸ́YÌN TÍ IṢẸ́ BÁ PARÍ

Fún nǹkan bí kìlómítà 500 àkọ́kọ́, kí awakọ̀ rọra wà á, kí ẹrù sì fúyẹ́. Kí a tún bọ́ọ̀tì àti òróró yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kí awakọ̀ má gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì bí ó ti ń lọ, kí ó má sì fi kílọ́ọ̀ṣì di ọkọ̀ mú lórí òkè. Bírékì ni a dá fún èyí.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kò di ìgbà tí ẹgbẹ́ yín bá jìn sí kòtò kí ẹ tó gbọ́n. Ẹ ka ìwé yìí sókè ní ìpàdé, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ àti akápò gbọ́ ọ, kí ẹ sì mú un dání lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọkọ̀ tí ó dáńgájíá ni ó ń sọ ìrè oko di owó.