Ahọ́n Láàárín Ẹ̀rìn-Ilé àti Ọ̀fà

Bí àlejò bá gba Ọ̀fà kọjá lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé ní Ìpínlẹ̀ Kwara, yóò ṣòro fún un láti mọ ibi tí ìlú kan parí sí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ilé bá ilé mu. Bí ó bá sì dúró láti fi etí mọ ìyàtọ̀, kò ní rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìbọ̀lọ́ ni àwọn méjèèjì, èdè wọn kò sì jìnnà sí ara wọn. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ààlà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀mí ti bọ́, ilé ti jóná, ìjọba sì ti fi òfin kónílé-ó-gbélé dè wọ́n.

A kò ní dá ẹjọ́ ilẹ̀ náà níhìn-ín, nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ ní ibi tí a ti ń dá a. Ẹ̀yà ara kékeré kan tí í máa ń dé ojú ìjà ṣáájú àdá ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, èyíinì ni ahọ́n.

Ahọ́n kò ní egungun. Iṣan mẹ́jọ ni àwọn onímọ̀ kà sí i: mẹ́rin wà nínú ahọ́n fúnra rẹ̀, mẹ́rin yòókù sì so ó mọ́ àwọn ẹ̀yà ara tí ó yí i ká. Òun ní í darí òkèlè sí abẹ́ eyín, òun náà ní í tì í sí ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilé-ìwé pé ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni ó ń mọ adùn, pé ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ó ń mọ ìkorò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi kan náà lórí ahọ́n lè mọ iyọ̀, kí ó mọ adùn, kí ó sì mọ ìkorò. Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé àárín eyín ni ó ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Eyín a máa gé e jẹ nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ a sì yọ, ṣùgbọ́n bí oúnjẹ alẹ́ bá dé, àwọn méjèèjì ni yóò tún jọ jẹ ẹ́.

Kí olùkàwé wa pe "Ẹ̀rìn" jẹ́jẹ́. Ṣóńṣó ahọ́n yóò gòkè lọ sí ẹ̀yìn eyín òkè. Kí ó wá pe "Ọ̀fà". Ètè ìsàlẹ̀ ni yóò lọ bá eyín òkè, ahọ́n yóò sì wà nílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ahọ́n ni ó ṣe wàhálà èkínní, eyín ni ó ṣe ti èkejì. (Ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká yóò jẹ́rìí wa.)

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹnìkan á sọ ọ́ lọ́jà pé, "Wọ́n tún ti wọ ilẹ̀ wa." Kò lọ wò ó, ẹni tí ó sọ fún un náà kò lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọ̀dọ́ ti ń pọ́n àdá. Ní ayé ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ nílò ọjà mọ́. Ẹni tí ó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù lè fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ìlú gbọ́ ọ kí ó tó jẹun tán, òun kò sì ní sí níbẹ̀ nígbà tí òrùlé bá ń jó. Ẹ̀rù irú ahọ́n bẹ́ẹ̀ bà wá ju ti oníkùmọ̀ lọ. Bí gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá balẹ̀, ohun tí a ń bẹ̀ ni pé kí àwọn àgbà ìlú kan kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ìlú kejì, kí wọ́n bi wọ́n pé, "Ṣé òótọ́ ni?" Ìrìn náà kò jìnnà.

Àwọn ará ìlú méjèèjì ń fẹ́ ara wọn. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ọ̀fà, tí ó bá jókòó tí ó ń bú Ọ̀fà, ta ni ó ń bú?

Onígángan kò ní ahọ́n lára ìlù rẹ̀ tí yóò fi ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ohùn nìkan ni ó ní, ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni ó sì wà nínú Ẹ̀rìn, bí ó ti wà nínú Ọ̀fà. Bí ó bá lù ú níbi ìgbéyàwó tí àwọn méjèèjì péjọ sí, ìdílé ìyàwó lè dìde jó, ìdílé ọkọ náà sì lè dìde.